Pákó Iwájú Ilé Ìkankọ̀

Abẹ́ ọkọ̀ ni Àrìnpé wà nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé wọ́n máa tú ilé rẹ̀ fi ṣe afárá. Omi ti fà, ọkọ̀ náà, tó ń jẹ́ Ebenésérì, ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí ẹrẹ̀, obìnrin náà sì ń fi ọ̀bẹ gbígbó ha àwọn ìkarahun wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Bàbá Olówòkéré, olórí àwọn káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ní Ayétòrò, dúró sórí afárá pákó lókè. Kò sọ̀ kalẹ̀, torí ṣòkòtò funfun ló wọ̀. Ó ní àwọn àgbà ti jókòó, wọ́n sì ti fẹnu kò sí i pé kí wọ́n fa Ebenésérì gòkè, kí wọ́n tú u palẹ̀, kí wọ́n fi pákó rẹ̀ tẹ́ afárá dé àwọn ilé tuntun tó wà lápá òkun. Ó ní kí obìnrin náà má fòyà, wọ́n ti pèsè yàrá sílẹ̀ fún òun àti ọkọ rẹ̀, yàrá tó ní fèrèsé méjì.

Àrìnpé kò dáwọ́ dúró. Ó ha ìkarahun kan já, ó ní kí Bàbá ṣọ́ra o, nǹkan ń ta síni lójú níbí. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé ṣé ẹnikẹ́ni bi òun àti Jọọlá ọkọ òun léèrè kí wọ́n tó fẹnu kò.

"Ọkọ̀ yẹn kì í ṣe tìẹ, Ìyá Ọmọ́yẹlé," ni Bàbá Olówòkéré wí. "Tiwa ni."

Ó sì yíjú padà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dun Àrìnpé wọ akínyẹmí ara. Fèrèsé méjì! Òun tó jẹ́ pé bó bá ti yọrí lábẹ́ ìbòrí ẹní tó ń sùn sí, gbogbo ojú ọ̀run ló ń rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí ẹ má baà máa pe obìnrin náà ní alágídí lásán. Alágídí ni, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe lásán. Láyé ìgbà náà ní Ayétòrò, àpapọ̀ ni gbogbo nǹkan. Agogo á lù, gbogbo ìlú á lọ síbi iṣẹ́. Agogo á tún lù, wọn á jẹun láti inú ìkòkò kan náà. Ẹja tí ẹnì kan bá pa, ẹja gbogbo wọn ni. Aṣọ tí wọ́n bá hun, ẹni tí tirẹ̀ bá gbó ló máa gbà á wọ̀. Àrìnpé kò bá ìyẹn jà rí. Ó wà lára àwọn tó fi èjìká ru òpó tí wọ́n kọ́kọ́ rì mọ́lẹ̀, nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ kìkì koríko àti ẹ̀fọn. Nígbà tí ìlú kan Ebenésérì, tí wọ́n ní kí Jọọlá ọkọ rẹ̀ máa tù ú kó ẹrù ìlú, ó bá a wọnú ọkọ̀, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Wọ́n ń ta ìgbòkun gba inú ọ̀sà lọ sí ọ̀nà Èkó, wọ́n ń kó igi ní Igbókòdá, wọ́n ń já ẹrù sí Ugbonla àti Zion Pepe. Inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ń sùn, inú rẹ̀ ni wọ́n ń dáná, inú rẹ̀ náà ló bí Ọmọ́yẹlé sí, ọmọ tó ti dàgbà báyìí tó wà ní ilé ìhunṣọ. Bó bá sùn lórí ilẹ̀ tí kò mì, oorun kì í kun Àrìnpé.

Àwọn ará òkè afárá rò pé ìgbádùn ni. Wọn a máa rí ìgbòkun tó kún fún atẹ́gùn, wọn a máa juwọ́. Wọn kì í rí Àrìnpé nígbà tó bá ń lẹ aṣọ ìgbòkun náà tí oòrùn ti jẹ, tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀ ọ́ lábẹ́ èékánná. Wọn kì í rí okùn tó ń gbó níbi tó ti ń ra òpó, tí obìnrin náà gbọ́dọ̀ yí padà kó tó já lójú agbami. Ó ń gbọ́n omi láàárọ̀, ó ń gbọ́n omi nírọ̀lẹ́. Ó ń pààrọ̀ iyanrìn inú àpótí tó ń dáná lé, kí iná má baà jó ìdí ọkọ̀. Bí ó bá ṣe èyí tán, tọ̀hún á ti bàjẹ́. Tí ẹ bá sì rò pé ọkọ̀ ló ń gbé èèyàn, Àrìnpé á bi yín bóyá ẹ ti gbé inú ọkọ̀ rí.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kòkòrò omi iyọ̀ wà ńbẹ̀. Nígbà òjò, omi iwájú ìlú a máa dùn, kòkòrò náà kì í sì í gbé inú omi dídùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, òkun á ti omi rẹ̀ wọlé, kòkòrò á bá a wọlé, ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́ ló sì ń gbà wọ inú pákó. Bó bá débẹ̀ tán, á máa jẹ ẹ́ láti inú, ẹ̀yìn á sì máa dán. Nǹkan méjì ni Àrìnpé ń fi bá a jà: ọ̀dà dúdú tó ki, tó ń rùn, tó fi ń kun ìdí ọkọ̀ títí kò fi sí ibi tó hàn, àti omi dúdú ẹ̀yìn Igbókòdá tí kò ní iyọ̀, níbi tó ti ń lọ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ títí gbogbo kòkòrò á fi kú.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí, kò lè lọ. Orúnkún Jọọlá wú, kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa. Àmọ́ nǹkan tó tún burú jùyẹn ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Nígbà àjọ̀dún ìlú tó kọjá, Bàbá Olówòkéré ní ọ̀dà dúdú kò yẹ ọjọ́ ayọ̀, kí wọ́n kun gbogbo ọkọ̀ ìlú ní funfun láti òkè délẹ̀, àti afárá náà pẹ̀lú. Àwọn ọ̀dọ́ bá tú jáde, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń fá ọ̀dà dúdú kúrò lára ọkọ̀, wọ́n ń fi funfun rọ́pò. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé inú ọkọ̀. Ìgbà tí Àrìnpé padà láti ibi tó ti lọ bá wọn se oúnjẹ àlejò, ó bá ilé rẹ̀ tó funfun bí ẹyin. Ó bínú títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó sì tún ọ̀dà dúdú kùn níbi tí ọwọ́ rẹ̀ dé. Ibi tó wọnú ẹrẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò débẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Bàbá wá jíṣẹ́ yẹn, Àrìnpé lọ bá àwọn àgbà nílé ìpàdé, tòun ti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó sọ tẹnu rẹ̀. Bàbá Olówòkéré dìde, ó ní ayé ẹ́ńjìnnì la wà yìí, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí òun kàn lè lọ Igbókòdá kó sì padà kí ọbẹ̀ tó tutù, kí wá ni à ń fi àkísà orí igi ṣe? Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ó wá fi kún un pé ó ṣe tán, kòkòrò ti jẹ ìdí Ebenésérì tán.

Ibẹ̀ ni Àrìnpé ti gbá ọ̀rọ̀ náà mú. Ó ní bí kòkòrò bá ti jẹ ẹ́, kí wọ́n tú u, òun fúnra òun á bá wọn yọ ìṣó. Bí kò bá wá jẹ ẹ́ ńkọ́? Bàbá fọwọ́ sọ̀yà. Ó ní òun á fi irin òun gún ìdí ọkọ̀ náà lójú gbogbo ayé, bí irin náà kò bá wọlé níbì kankan, ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan Ebenésérì mọ́ níwọ̀n ìgbà tí òun bá ṣì jẹ́ olórí káfíńtà. Àwọn àgbà ní ó dára bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi í sí ìgbà tí omi bá máa fà jìnnà, nígbà tí oṣù tuntun bá lé.

Inú Àrìnpé dùn bó ti ń padà lọ, àfi ìgbà tó fi ìka kan ìdí ọkọ̀ wò. Ó ń lọ láti pákó dé pákó, ó ń kàn án, ó ń tẹ́tí. Gbogbo wọn ló ń dáhùn dáadáa. Nígbà tó dé ẹ̀yìn pátápátá, ó fọwọ́ gbẹ́ ẹrẹ̀ kúrò, ó kan pákó tó wà lábẹ́ ibẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti igbá òfìfo. Ó ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́. Ọ̀bẹ wọlé dé èkù. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀ níbẹ̀, ó ń wo ọ̀dà funfun tó lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ rẹ̀.

Jọọlá ní kí wọ́n gbà fún Ọlọ́run. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun. Ó ní yàrá fèrèsé méjì náà kò burú, orúnkún òun náà á rí ìsinmi. Àrìnpé ní orúnkún rẹ̀ lè sinmi níbikíbi tó bá wù ú, pákó kan péré ló bàjẹ́, pákó kan péré lòun sì ń wá.

Ó lọ sí ilé ìkankọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó tọrọ pákó. Kò fi pa mọ́ o. Ó ní pákó kan bàjẹ́, kí wọ́n fún òun ní òmíràn, òun á pààrọ̀ rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé. Bàbá Olówòkéré rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ tú, wọn kì í fún un ní igi. Gbogbo pákó tó wà nílẹ̀, ti afárá ni. Àrìnpé wo pákó tuntun tí wọ́n tò jọ sẹ́yìn rẹ̀ dé àjà. Ó wo afárá tó ń tàn funfun níwájú ilé náà. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá, ó sì jáde.

Agogo oúnjẹ ọ̀sán ló dúró dè. Kì í ṣe kí ojú má baà rí i o. Àní kí ojú lè rí i ni. Afárá iwájú ilé ìkankọ̀ ni gbogbo ìlú ń gbà lọ jẹun. Bí agogo ti lù tí èrò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ bọ̀, Àrìnpé ti dígà bọ abẹ́ pákó kan tó nípọn, tó gùn, ó sì ń yọ ìṣó rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan rò pé Bàbá Olówòkéré ló rán an. Wọ́n béèrè, ó ní rárá, kò rán òun. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó, kò sí ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe.

Rhoda, tó jẹ́ olórí ilé ìdáná, tí òun àti Àrìnpé jọ ru òpó àkọ́kọ́ ìlú, já èrò kọjá pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Ó bi í pé kí ló ń ṣe níbẹ̀ yẹn.

"Mò ń tún ọkọ̀ wa ṣe," ni Àrìnpé fèsì.

Rhoda gbé orógùn fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó di orí kejì pákó náà mú. Àwọn méjèèjì gbé e lé èjìká, wọ́n sì gba àárín èrò kọjá. Àlàfo tó fẹ̀ ṣẹ́ kù sẹ́yìn, omi ń dán nísàlẹ̀ rẹ̀. Olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹsẹ̀ fò ó lọ síbi oúnjẹ. Ìgbà tí Bàbá Olówòkéré jáde, ó di dandan kí òun náà fa ṣòkòtò sókè kó sì fò.

Jọọlá káwọ́ lérí nígbà tó rí pákó tí wọ́n gbé bọ̀. Ó ní wọ́n á lé wọn nílùú.

"Kí wọ́n lé wa," ni Àrìnpé wí. "Ṣé inú ọkọ̀ kọ́ la wà ni? Ibo la ò lè lọ?"

Ọkọ rẹ̀ wò ó, ó wo pákó, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà tí orúnkún rẹ̀ ti wú, kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ayùn wá fún òun níbi tí òun jókòó sí.

Ibi gbígbẹ ni wọ́n ti gé pákó náà tó fi bá ibi tó ń lọ mu. Wọ́n da omi sí i lára, wọ́n dá iná imọ̀ ọ̀pẹ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n fi òkúta tẹ̀ ẹ́ lórí, títí tó fi gbà láti tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó le jù ló kù. Láàárín ìgbà tí omi bá fà sí ìgbà tó bá padà, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ pákó jíjẹrà, kí wọ́n sì fi tuntun dí i. Bí omi bá bá ojú ihò náà ní ṣíṣí, Ebenésérì á mu omi yó. Àrìnpé yọ èyí tó bàjẹ́, ó jù ú sínú ọkọ̀. Jọọlá fi ìdí wọ́ wá, ó fi ẹ̀yìn ti pákó tuntun mọ́ àyè rẹ̀, orúnkún ń ta á, kò sọ̀rọ̀. Àrìnpé ń kan ìṣó. Rhoda ti yọ́ ọ̀dà dúdú nínú ìkòkò kan tí ìdí rẹ̀ ti sán, ó ń tú òwú àwọ̀n gbígbó, ó ń nà án sí wọn. Wọ́n ń ki òwú náà bọ ojú ibi tí pákó ti pàdé pákó, wọ́n ń fi òòlù lù ú wọlé. Omi ti dé kókósẹ̀ wọn nígbà tí wọ́n fi ọ̀dà gbígbóná lé e lórí. Àrìnpé wọ inú ọkọ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé ojú sí ibi tí pákó tuntun wà, ó ń dúró de omi. Omi kún títí ọkọ̀ fi dìde lórí ẹrẹ̀. Inú rẹ̀ gbẹ.

Ẹ má rò pé ìlú dákẹ́ o. Bàbá Olówòkéré ti gbé ẹjọ́ pákó afárá lọ bá àwọn àgbà. Wọ́n ní kó fara balẹ̀, ọjọ́ kan náà ni wọ́n máa gbọ́ méjèèjì. Títí ọjọ́ náà fi pé, iwájú ilé ìkankọ̀ wà ní ṣíṣí. Bàbá kò dí i. Ó ní ẹni tó yọ ọ́ ló máa dá a padà. Ojoojúmọ́ ló ń fò ó lọ, ojoojúmọ́ ló ń fò ó bọ̀.

Nígbà tí omi fà jìnnà, gbogbo ìlú ló dúró sórí afárá láti wòran. Bàbá Olówòkéré kò wọ funfun lọ́jọ́ náà. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú. Káfíńtà gidi ni, kò ṣojúsàájú, kò sì ṣàánú. Ó ń gún, ó ń tẹ̀ síwájú, irin ń ró kọ̀, kọ̀, kọ̀. Ó lọ yípo. Nígbà tó kan pákó tuntun, ó fi irin náà gún un pẹ̀lú gbogbo agbára apá rẹ̀, irin ta padà, díẹ̀ ló kù kó gbá a níwájú orí. Ó tún gún un. Kò wọlé.

Ó nà ró, ó ń mí sókè sódò, inú ń bí i. Ó yíjú sí Àrìnpé lójú gbogbo èrò.

"Iwájú ilé ìkankọ̀ ṣí sílẹ̀," ni ó wí. "Pákó ta ni o fi tún ọkọ̀ rẹ ṣe?"

"Ọkọ̀ wa, Bàbá," ni Àrìnpé dá a lóhùn. "Pákó wa."

Kò dúró kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ó wọ inú ọkọ̀, ó gbé pákó jíjẹrà jáde, ó fi orúnkún ṣẹ́ ẹ sí méjì. Kò ná an ní agbára kankan. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, ó ń dán; inú rẹ̀ kún fún ihò láti òkè délẹ̀. Ó tẹ́ ẹ síwájú Bàbá Olówòkéré lórí ẹrẹ̀. Ó ní ẹ̀yin lẹ rán àwọn ọmọ láti fá ọ̀dà dúdú kúrò kí wọ́n fi èyí kùn ún. Ó ní òun kò jí pákó, òun kò sá fún ẹnikẹ́ni, ojú ọ̀sán gangan lòun yọ ọ́. Ó ní bí ọkọ̀ yìí bá jẹ́ tiwa lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ tú u, tiwa náà ló jẹ́ lọ́jọ́ tí ìdí rẹ̀ ń jẹrà, ẹ̀yin dà lọ́jọ́ náà?

Bàbá Olówòkéré bẹ̀rẹ̀, ó mú ìdajì pákó náà, ó fi ìka fọ́ ọ, ó sì ń wo ìyẹ̀fun rẹ̀ tó ń dà sílẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

Àgbà tó dàgbà jù níbẹ̀ ló sọ̀rọ̀ láti orí afárá. Ó ní irin kò wọlé, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó yọ pákó afárá ìlú láìgbàṣẹ, ìyà tọ́ sí i. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé Ìyá Ọmọ́yẹlé fẹ́ràn ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí òun àti Ebenésérì rẹ̀ lọ kó igi gbogbo afárá tuntun náà láti Igbókòdá, títí tí á fi dé apá òkun. Àrìnpé ní ọ̀nà ibẹ̀ lòun ti ń lọ tẹ́lẹ̀, omi dúdú ń dúró de òun. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe òun ni wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín.

Bí omi ti kún, wọ́n ta ìgbòkun. Jọọlá, tí orúnkún rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀, di ìtọ́kọ̀ mú ní ìjókòó, Àrìnpé sì ń fa okùn. Wọ́n pẹ́ nínú omi dúdú ẹ̀yìn Igbókòdá, títí ó fi dá a lójú pé kò sí kòkòrò tó ṣẹ́ kù lára ọkọ̀ náà, kí wọ́n tó di igi kún inú rẹ̀, tí wọ́n sì forí lé ilé.

Ọ̀sán ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Ayétòrò. Àrìnpé so ọkọ̀, ó gun afárá, ó gbé pákó kan sí èjìká, torí ó ti pinnu pé èyí tí òun yọ lòun máa kọ́kọ́ dá padà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹnu wí. Ìgbà tó dé iwájú ilé ìkankọ̀, kò sí àlàfo mọ́. Wọ́n ti kan pákó tuntun síbẹ̀. Gbogbo afárá náà funfun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àfi ẹyọ kan yẹn tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kùn, tó ki, tó ń rùn, tó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́.

Bàbá Olówòkéré wà nínú ilé lọ́hùn-ún, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń rẹ́ igi, ọ̀dà dúdú ṣì lẹ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Àrìnpé tẹ pákó dúdú náà kọjá, ó sì gbé igi èjìká rẹ̀ wọlé lọ fún un.